Ẹ̀tọ́ Láti Tu Ú Dànù: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Yíyan Oúnjẹ Jẹ

Kò sí ọmọ ìkókó tó fẹ́ràn ata. Bí ó bá kàn án lẹ́nu, ẹkún ni yóò bú sí, ì báà jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Ìbàdàn náà tó bàlágà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ráhùn pé ọbẹ̀ tẹ́ bí ata inú rẹ̀ kò bá ta. Ata yìí gan-an kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ataare àti iyèré ni tiwa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni rodo, tàtàṣé àti ata wẹ́wẹ́ ti ṣẹ̀, ó sì di ẹ̀yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492 kí àwọn ará Pọtogí tó gbé wọn dé etí òkun Áfíríkà. Ọ̀nà kan náà ni àgbàdo, gbágùúdá, ẹ̀pà àti tòmátì gbà wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ lónìí pé òun kò lè fi ẹnu kan oúnjẹ àjèjì, oúnjẹ àjèjì ló kún ẹnu tó fi ń sọ ọ́. Ní 1980, Paul Rozin àti Deborah Schiller gbé ìwádìí jáde lórí bí àwọn ará abúlé kan ní Mẹ́síkò ṣe ń kọ́ láti fẹ́ràn ata. Ohun tí wọ́n rí kò ní àrà nínú rárá: àwọn àgbà ń jẹ ẹ́ lójú ọmọ pẹ̀lú ìgbádùn, ọmọ ń tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà bí ó bá kọ̀ ọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, òun ni mo sì fẹ́ gbè lẹ́sẹ̀ níbí. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè tu oúnjẹ dànù láìsí ìjà ni ó máa ń gbà láti tọ́ ọ wò. Ẹni tí a sọ ọ́ di dandan fún yóò pa ẹnu dé.

Kí ló dé tí ẹnu fi ń kọ oúnjẹ? Ní 1976, Rozin kan náà ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ màlúù kò le; koríko ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Ènìyàn àti eku ló wà nínú wàhálà, nítorí wọ́n lè jẹ ewé, iṣu, èso, ẹran àti kòkòrò, májèlé sì fara pamọ́ sáàárín gbogbo rẹ̀. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wá oúnjẹ tuntun kí ebi má baà pa á lọ́jọ́ tí èyí tó mọ̀ bá wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ máa fura sí i kí ó má baà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ ikú. A bí ìfura náà mọ́ wa ni. Ọmọ tuntun á la ẹnu fún ohun dídùn, á sì fajú ro sí ohun kíkorò kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ. Omi ọmú dùn, ọ̀pọ̀ májèlé inú igbó sì korò. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà ni ìfura yìí máa ń le jù, ìyẹn ìgbà tí ọmọ ti lè rìn kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tó sì lè já ewékéwé sẹ́nu. Ìyá tó ń ṣàròyé pé ọmọ òun tó ń jẹ ohun gbogbo ní oṣù mẹ́wàá ti ya olórí kunkun ní ọdún mẹ́ta, ara ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ ni. Àìsàn náà a máa dá kún un. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni John Garcia ti fi hàn pé bí eku bá mu omi dídùn, tí ara rẹ̀ kò sì yá lẹ́yìn náà, yóò kórìíra omi yẹn, ìgbà kan ṣoṣo sì tó. Bákan náà ni ẹni tó bì lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀wà ní ọmọ ọdún méje lè pé ẹni ogójì ọdún kí ó má tíì fẹ́ gbóòórùn ẹ̀wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà ló ń ṣe é lọ́jọ́ tí à ń wí yìí.

Ó yẹ kí á ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ìbẹ̀rù oúnjẹ tuntun yàtọ̀ sí ṣíṣa oúnjẹ tí a ti mọ̀ jẹ. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n fún ti àkọ́kọ́, èyí tí Patricia Pliner àti Karen Hobden ṣe ní 1992, ìbéèrè mẹ́wàá péré ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé, àwọn méjèèjì máa ń wọ inú ara wọn, gbogbo ẹ̀bi sì máa ń lọ sórí pé oúnjẹ náà jẹ́ tuntun. Ìndómì fi hàn pé àlàyé yẹn kò pé. 1988 ló wọ Nàìjíríà, 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílé wa níbí. Kò sí ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n sè tẹ́lẹ̀, kò jọ ohunkóhun tó ti wà nínú ìkòkò wa, síbẹ̀ kí ìran kan tó kọjá ó ti di oúnjẹ àárọ̀ ọmọ ilé-ìwé láti Èkó dé Ṣakí. Ọmọ tó ń sunkún nítorí ewúro kò sunkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ìndómì. Iyọ̀, òróró àti ṣúgà kò nílò olùkọ́. Ahọ́n kì í pẹ́ gbà wọ́n. Ohun tó nílò ẹ̀kọ́ ni ewé kíkorò, ọbẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá àti ewédú, òórùn irú àti ti ẹbòlò, ẹja tó ní egungun, oúnjẹ tí a po pọ̀ tí ojú kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ borí yíyan oúnjẹ jẹ, ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ sínú ọ̀rá ti mọ èyí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ń pàdánù lọ́dọ̀ ọmọdé.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ wa ti ọ̀dọ̀ Leann Birch wá, onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà tó fi bí ogójì ọdún wo bí ọmọdé ṣe ń jẹun. Ní 1982, òun àti Diane Marlin fún àwọn ọmọ ọlọ́dún méjì ní èso àti wàràkàṣì tí wọn kò mọ̀ rí, òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn tó ìgbà ogún. Bí iye ìgbà tí wọ́n tọ́ oúnjẹ kan wò ṣe ń pọ̀ sí i ni ìfẹ́ wọn sí i ń pọ̀ sí i. Ní 1987, Birch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá béèrè bóyá wíwò lásán tó. Kò tó. Ọmọ tó rí oúnjẹ nígbà púpọ̀ láìfi kan ẹnu mọ̀ ọ́n lójú ni, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó ní láti kan ahọ́n. Ẹ wá wo ohun tí àwọn òbí ń ṣe: nínú ìwádìí tí Betty Ruth Carruth àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2004 lórí ọmọ tó lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òbí kì í fún ọmọ ní oúnjẹ tuntun ju ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún lọ kí wọ́n tó gbà pé ọmọ náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Àárín márùn-ún yẹn sí mẹ́wàá, tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ ti ń sọnù lẹ́nu ọmọ títí ayé. Òbí náà kò purọ́. Lóòótọ́ ni ọmọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìdájọ́ ló yá ju ẹ̀rí lọ. Ẹ̀kọ́ ahọ́n tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó mọ oúnjẹ. Ní Philadelphia, Julie Mennella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn aboyún kan máa mu omi kárọ́ọ̀tì, kí àwọn abiyamọ kan sì máa mu ún nígbà tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú. Ní 2001 wọ́n jábọ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò fajú ro sí oúnjẹ tó ní kárọ́ọ̀tì nínú bí ti àwọn ọmọ tí ìyá wọn mu omi lásán. Ìgbà tí ọmọ ń kúrò lórí oúnjẹ ṣíṣàn náà ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọmọ ní agbègbè Bristol, tí Helen Coulthard àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009, àwọn ọmọ tí oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá lórí wọn kí wọ́n tó tọ́ oúnjẹ oníkókó wò ní ìṣòro oúnjẹ púpọ̀ sí i ní ọdún méje, wọn kì í sì í jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó àwọn yòókù. Ó yẹ kí èyí dá wa dúró, àwa tí à ń fi ògì tàbí sẹ́rẹ́lákì nìkan gbé ọmọ títí tó fi ń sáré kiri ilé.

Bí ó bá jẹ́ pé kíkan ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́, ó lè dà bí ẹni pé kí á kúkú fipá fi kan án. Àṣà wa mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ìyá á gbé ọmọ sórí itan, á ká ọwọ́ òsì mọ́ ẹnu rẹ̀, á máa rọ ògì sí i. Ọmọ tó bá fẹ́ mí gbọ́dọ̀ gbé e mì. Àwọn olùwádìí tó ṣàkọsílẹ̀ àṣà yìí ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1991, kò rí i bí ìwà ìkà. Ìyá tó ń bẹ̀rù pé ọmọ òun yóò rù ló ń ṣe é, àwọn aládùúgbò á sì bá a wí bí kò bá ṣe é. Mo gbà pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé oúnjẹ lè ṣi ọ̀nà gba inú ẹ̀dọ̀fóró, ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ ni pé àwo oúnjẹ jẹ́ ojú ìjà. Ní 2006, Amy Galloway, Birch àti àwọn méjì mìíràn fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ọbẹ̀ oríṣi méjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan; wọ́n ń rọ̀ wọ́n lórí ọ̀kan pé kí wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọn kò sì sọ ohunkóhun lórí èkejì. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lé lórí ni wọ́n jẹ jù, èyí tí wọ́n ń rọ̀ wọ́n sí ni wọ́n sì ń bú. Ìrọni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìyẹn o, kò tíì dé orí pàṣán.

Pàṣán náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1768, nígbà tí ọkọ̀ Endeavour dúró ní erékùṣù Madeira, ọ̀gá ọkọ̀ náà, James Cook, ní kí wọ́n na ọkùnrin méjì nínú ọkọ̀ náà ní ẹgba méjìlá-méjìlá nítorí pé wọ́n kọ ẹran tútù tí wọ́n pín fún wọn. Ẹran oníyọ̀ ni ẹnu wọn mọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kan kábéèjì kíkan tó kó dání láti dènà àrùn tó ń mú èrìgì ṣẹ̀jẹ̀ títí eyín á fi yọ, àrùn tó ti pa atukọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nígbà yẹn. Àwọn atukọ̀ kọ̀ ọ́. Cook kò mú pàṣán lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n máa gbé kábéèjì náà sórí tábìlì àwọn ọ̀gá lójoojúmọ́, ó sì fi sílẹ̀ fún àwọn atukọ̀ láti bù bí ó bá ṣe wù wọ́n tàbí kí wọ́n má bù rárá. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀, tó fi di dandan láti máa wọ̀n ọ́n fún wọn, nítorí pé wọ́n ń jẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọlọ́gbọ́n ni Cook, ẹ̀tàn díẹ̀ sì wà nínú ọgbọ́n rẹ̀, nítorí ojú àwọn ọ̀gá ló fi ta ọjà. Ohun tí n kò lè gbójú fò dá ni pé ọkùnrin kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà, ló dán ọ̀nà méjèèjì wò.

Ti ẹ̀bùn wá ńkọ́, ‘bí o bá jẹ ẹ̀fọ́ yìí tán, n ó fún ọ ní bisikíìtì’? Ìwádìí méjì ló dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn níhìn-ín. Ní 1984, Birch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọmọ tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn nítorí pé ó mu nǹkan kan kò fẹ́ràn nǹkan náà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 2011, Lucy Cooke, Jane Wardle àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀fọ́ tí wọn kò fẹ́ràn, díẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tó ń gba bébà àlẹ̀mọ́ aláwòrán nígbà tí wọ́n bá tọ́ ọ wò fẹ́ràn ẹ̀fọ́ náà, ìfẹ́ náà sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìtumọ̀ tí mo fún un ni pé ohun tí à ń sanwó fún ló yàtọ̀. Ẹ̀bùn kékeré tí kì í ṣe oúnjẹ, tí a fún ọmọ nítorí pé ó ní ìgboyà láti fi ahọ́n kan nǹkan tí kò fẹ́ràn, kò ba nǹkan jẹ́. Bisikíìtì tí a fi san owó ẹ̀fọ́ ń sọ fún ọmọ pé bisikíìtì ni oúnjẹ gidi, ẹ̀fọ́ sì jẹ́ ìyà tí a ń jẹ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà yóò ní kí á sinmi àròyé, pé ebi nìkan ni oògùn yíyan oúnjẹ, àti pé láyé àtijọ́ kò sí ọmọ tó ń ṣe fáàrí níwájú àwo. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ti fi ṣinṣín, bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kún inú ní agogo mẹ́rin kò ní ìdí láti dán ohunkóhun wò ní agogo méje. Kí ebi díẹ̀ wà nínú ọmọ nígbà oúnjẹ, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ṣùgbọ́n ebi tó le ń mú ni gbé oúnjẹ mì, kì í mú ni fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970, àwọn ènìyàn jẹ aláǹgbá ní Biafra; nígbà tí ogun parí, aláǹgbá kò di ẹran ọbẹ̀. Ní ti ilé àtijọ́, mo rò pé àwọn àgbà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ṣì mú. Àwọn ọmọ máa ń yí àwo kan ká, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Kò sí ẹni tó ń ka òkèlè fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lọ́ra ni oúnjẹ tán lójú rẹ̀. Ní 1980, Birch fi ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀fọ́ kan jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó fẹ́ràn òmíràn, láàárín ọjọ́ mélòó kan ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwo àjùmọ̀jẹ ló ṣe iṣẹ́ tí a ń yin ebi fún. Ilé tí ọmọ kan ṣoṣo ti ń jẹun lórí tábìlì tirẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí ìyá dúró tì í pẹ̀lú ṣíbí, ti pàdánù olùkọ́ tó dára jù.

Àtakò tó le ju ti ebi lọ ni ti àjogúnbá. Ní 2007, Cooke, Haworth àti Wardle tẹ ìwádìí jáde lórí ìbejì tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún méjì-méjì, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìdá 78 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ kan sí èkejì nínú ìbẹ̀rù oúnjẹ tuntun ló ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. A sì ti mọ̀ láti 1931, nígbà tí Arthur Fox, onímọ̀ kẹ́míkà, ṣèèṣì da ìyẹ̀fun kan sínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀, pé ohun tó korò bí ewúro lẹ́nu ẹnì kan lè má ní adùn kankan lẹ́nu ẹni tó dúró tì í. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé kò yẹ kí á fi olúkúlùkù sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n fún un? Rárá o. Ìṣirò àjogúnbá ń sọ ìdí tí ọmọ kan fi yàtọ̀ sí èkejì nínú àwọn ilé tí ìṣe wọn jọra. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìṣe ilé bá yí padà. Gíga ènìyàn náà jẹ́ àjogúnbá ju èyí lọ, síbẹ̀ oúnjẹ tó dára ti mú kí odindi orílẹ̀-èdè ga ju àwọn baba ńlá wọn lọ. Ohun tí ìwádìí ìbejì yẹ kí ó pa ni ẹ̀bi. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń yan oúnjẹ kò bà á jẹ́, ọmọ náà kò sì ṣàgídí. Ẹnu rẹ̀ nílò ìgbà púpọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ni. Ohun tó sì tún yẹ kí ó pa ni àfiwé tí àwọn ẹbí fẹ́ràn jù, ‘wo Táíwò, kì í kọ oúnjẹ’.

Títí dé ibí, ọmọdé ni mo ń wí. Àwọn àgbà àti odindi ìlú náà ń yan oúnjẹ, ìtàn tiwọn sì tún jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé máa se kíndìnrín àti ọkàn màlúù, nítorí pé ẹran mìíràn ń lọ sójú ogun. Olùwádìí kan, Kurt Lewin, pín àwọn obìnrin kan sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún apá kan, ó dùn, ó sì ní ìlànà bí a ṣe ń sè é nínú. Wọ́n ní kí apá kejì jókòó bá ara wọn sọ ọ́, kí wọ́n sọ ohun tó ń kọ̀ wọ́n lójú nínú rẹ̀, kí wọ́n sì pinnu fúnra wọn. Nínú àwọn tó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 3 nínú 100 ló sè é. Nínú àwọn tó jíròrò, 32. Àwa náà kò gba gbágùúdá nítorí àṣẹ. Ó ti wà ní etí òkun wa fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó di oúnjẹ gbogbo ènìyàn, nítorí májèlé inú rẹ̀ nílò ọgbọ́n, àwọn Àgùdà tó ń ti Brazil padà dé Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà lára àwọn tó mú ọgbọ́n gàrí wá, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé. Ti sóyà tún hàn kedere jù. Láti 1908 ni wọ́n ti gbìn ín sí Moor Plantation ní Ìbàdàn, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó dé ìkòkò ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe irú, tí wọ́n ń fi ṣe wàrà, tí wọ́n sì ń pò ó mọ́ ògì, ni ọjà gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbágùúdá aláwọ̀ òféèfèé tó ní fítámì A, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní 2011: gàrí rẹ̀ jọ gàrí elépo, ojú ti mọ àwọ̀ yẹn tipẹ́. Oúnjẹ àjèjì máa ń wọlé nígbà tí ohun kan nínú rẹ̀ bá jọ ohun tí a mọ̀, ì báà jẹ́ ọbẹ̀ tí a fi gbé e, ìrísí rẹ̀, tàbí ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Àgbàlagbà tó bá fẹ́ yí padà lè fi èyí ṣe iṣẹ́. Kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odindi àwo níwájú àlejò, nítorí ojútì ni ìfipámúni ti àgbà. Ṣíbí kan, nínú ilé ara rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí ẹnu rẹ̀ mọ̀, kí ó sì tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ara bá ń gbóná tàbí inú ń dàrú, kí ó fi í sílẹ̀ pátápátá, nítorí ohun tí Garcia rí lára eku. Bí yíyọ̀ ilá bá ń kọ̀ ọ́ lójú, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilá tí a kò gé wẹ́wẹ́. Ohun kan náà ló kan ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, níbi tí òbí ti máa ń yára sọ pé ‘ẹ má fún un, ọmọ òyìnbó ni, kò lè jẹ ata’. Ọmọ tó gbọ́ gbólóhùn yẹn nígbà ogún ti kọ́ ohun tí òun jẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ tó ráyè kọ́ ewédú. Bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ ata nínú oyún rẹ̀.

Èèwọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí Ifá tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ nǹkan fún mọ ìdí tí òun fi ń kọ̀ ọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi àwo dán an wò. Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń wú tàbí tí èémí rẹ̀ máa ń há bí ó bá jẹ ẹ̀pà wà lábẹ́ ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí ìṣòro wọn kọjá ẹnu yíyan: ọmọ tó ń rù, tí oúnjẹ tó ń jẹ kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, tí oúnjẹ máa ń há lọ́fun, tàbí tí ìrísí oúnjẹ ń dẹ́rù bà débi pé ó ń gbọ̀n. Láti 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ń lò ti ka irú èyí sí àìsàn tó ní orúkọ tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn ẹbí sì dákẹ́ ìmọ̀ràn.

Àtakò kan ṣẹ́ kù, òun ni mo sì kà sí èyí tó wúwo jù: owó. Ó rọrùn fún olùwádìí láti ní kí á gbé oúnjẹ kan síwájú ọmọ nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 2016, Caitlin Daniel, tó bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní agbègbè Boston, fi hàn pé àwọn tí owó wọn kò tó kì í ra ohun tí ọmọ lè kọ̀, nítorí pé oúnjẹ tí a dà nù ni owó tí a dà nù. Ohun tó dájú pé ọmọ á jẹ ni wọ́n ń rà, ohun náà sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ fi iyọ̀ àti ṣúgà kún. Ta ni yóò bá ìyá bẹ́ẹ̀ wí, ní Boston tàbí ní Mushin? Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí mo ń gbè lẹ́sẹ̀ kò béèrè àwo kejì, kò béèrè oúnjẹ ọmọ lọ́tọ̀. Kí ìyá bu oúnjẹ tirẹ̀ tó fẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀, kí ọmọ wà nítòsí, kí ó mú èyí tó kéré ju èékánná lọ láti inú rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé bí kò bá dùn mọ́ òun, òun lè tu ú sọ́wọ́ láìsí ìbáwí. Ìyá ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ohun tó ná an ni kí ó jókòó jẹun pẹ̀lú ọmọ náà, èyí tí wákàtí tí ó fi ń wọ mọ́tò láti ibi iṣẹ́ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju owó ẹ̀fọ́ lọ.